Pátákó Tí Dinah Gbé Lọ sí Ìfọ́n

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú obìnrin yìí dáadáa, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín, ìjà ti tán nìyẹn. Sísọ́ọ̀sì aṣọ kì í gé ìwé. Gbogbo ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ télọ̀ rí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé á sọ ọ́ di kújú, bó o bá wá kì í bọ léèsì oníléèsì, dípò kó gé e, á máa fà á ya. Mo ti sọ èyí fún Dinah títí ẹnu mi fẹ́ẹ̀ bó. “Mo ti gbọ́, ìyá Uwais,” ni á wí. Bí mo bá fi lọ kírun alásárì báyìí, kí n tó padà dé, sísọ́ọ̀sì mi ti wà lórí tábìlì rẹ̀, òun àti Jésù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé jáde lára kàlẹ́ńdà, òun fúnra rẹ̀ á sì máa wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Dinah ni wọ́n sọ ọ́ níbi ìrìbọmi, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo àdúgbò wa ní Ìlọ́bù ń pè é. Ó kọ́ ọmọ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yìn nìkan ló fi tì o, kò tíì fi ẹnu tì. Ọmọ tó bá wọlé rẹ̀ láìkí i, á ní kó jáde kó tún ẹsẹ̀ gbé. Ọkọ rẹ̀, olóògbé Ọlátúnbọ̀sún, ọmọ Ìlọ́bù níbí ni, ṣùgbọ́n Ìfọ́n ni ilé baba Dinah fúnra rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ni Hàfúsátù, télọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wá. Mùsùlùmí ni mí, onígbàgbọ́ lòun, a ò sì tíì jà lórí ẹ̀sìn rí. Sísọ́ọ̀sì nìkan ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó ń gba sísọ́ọ̀sì mi nìyí. Á lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, á bá a ṣa àjẹkù pákó. Á fi yanrìn-pépà fá a títí kò fi ní sí ohun tó máa gún èèyàn lọ́wọ́ mọ́, á kùn ún ní ọ̀dà. Lẹ́yìn náà ni á da àpò ìwé rẹ̀ sílẹ̀: kàlẹ́ńdà àtijọ́, káàdì Kérésì, ìwé ìpè ìgbéyàwó, páálí bisikíìtì pàápàá bí òdòdó bá wà lára rẹ̀. Á gé Jésù, á gé àgùntàn, á gé ewé àti òdòdó, á wá tò wọ́n sórí pákó, á tún wọn tò, á yí àgùntàn sápá ọ̀tún, á dá a padà sápá òsì. Nígbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ló máa tó gbé gúlù funfun àwọn káfíńtà. Á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, á lẹ ìwé náà, á fi àkísà tútù tẹ̀ ẹ́ láti àárín bọ̀ wá sí etí kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ó ní bí afẹ́fẹ́ bá há sábẹ́ ìwé, bó pẹ́ bó yá, á wú, bí ìbínú tí èèyàn gbé mì ṣe ń wú.

“Tíṣà,” ni mo máa ń wí, “wàásù tòní ti tó.”

Bí ìwé bá ti gbẹ ni fáníìṣì kàn. Á kùn ún, á jẹ́ kó gbẹ, á tún un kùn, títí ọwọ́ á fi máa yọ̀ lórí rẹ̀, tí o ò ní mọ ibi tí ìwé parí sí, ibi tí pákó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀. Bí ìwé bá fẹ́lẹ́, tí wọ́n sì tẹ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ lẹ ìwé funfun sí i nídìí. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí fáníìṣì bá ti mu ìwé náà, ohun tó wà lẹ́yìn á yọ síwájú gbangba. Ìyà ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n yẹn. Áńgẹ́lì kan wà lára ògiri pálọ̀ Peter, ajíhìnrere ìjọ wọn, tí ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ ń hàn nínú ikùn rẹ̀ títí dòní. Peter ò yọ ọ́ o. Ó ní áńgẹ́lì náà nílò ìmọ́tótó.

Kì í tà á. Mo ti bá a jà lórí ìyẹn náà. Ó ní àdúrà ni òun ń lẹ̀, ta ló ń ta àdúrà? Òótọ́ sì ni, nítorí bó bá ti ń lẹ̀ ẹ́, má bá a sọ̀rọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lórí ìwé, á máa dárúkọ èèyàn lábẹ́ ẹnu: ìwé kan, orúkọ kan. Aboyún, aláìsàn, ọmọ tó ń ṣe ìdánwò, gbogbo wọn ló ń rí ìwé tiwọn gbà. Ẹni tó bá ṣègbéyàwó, ẹni tó bá bímọ, ẹni tó bá kó wọlé tuntun, ó di dandan kó rí pátákó Tíṣà gbà. Kódà èmi náà ní tèmi nínú ṣọ́ọ̀bù. Òdòdó ló yí i ká, ó gé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lára ìwé ìròyìn, ó fi kọ “Alhamdulillahi” sí àárín. Ọjọ́ tó gbé e fún mi, inú ààwẹ̀ ni, omi bọ́ lójú mi. Mo ní èéfín ni.

Ẹ ti rí i pé mo ti ń yìn ín báyìí. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àbúrò kan ṣoṣo ló kù fún Dinah láyé, Ọlábánjí, tó ń gbé ní Ìfọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n. Èmi ò ní dá ẹjọ́ yẹn níbí. Àwọn tó jù mí lọ ti dá a títí, kò tán. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tó gbóná, ilé jó lọ́tùn-ún, ilé jó lósì, ẹni tí kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀ ló ń kó eérú. Ilé baba wọn tí Ọlábánjí ń gbé wà nínú àwọn tó jó. Pátákó tí baba wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí ó kọ “Jésù ni olórí ilé yìí” sí, jó mọ́ ọn. Ọkùnrin náà dúró níwájú eérú, ó sì pariwo kí gbogbo ayé gbọ́ pé láti ọjọ́ náà lọ, ohunkóhun tó bá ti Ìlọ́bù wá kò ní wọ ilé òun mọ́ títí òun ó fi kú.

Ẹyin lohùn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. Dinah ń tẹ àgùntàn kan mọ́ pákó nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún un. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó ní, “Èmi náà, Ìlọ́bù ni mo ti ń bọ̀.”

Kò lọ síbẹ̀ mọ́. Ọlábánjí náà ò wá. Ìfọ́n ọ̀hún kò sì jìnnà, bó o bá ra ẹ̀kọ gbígbóná ní Ìlọ́bù, tó o gun ọ̀kadà, wàá débẹ̀ kó tó tutù. Mo bínú sí ọkùnrin náà débi pé bí mo bá rí i, ǹ bá gbá a létí. Mo ní a kì í bínú orí ká wá fi fìlà dé ìbàdí, kí ló dé tí èyí fi fi ìbínú ilẹ̀ lé ọmọ ìyá rẹ̀ jáde? Dinah á ní kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo pátákó tó ń ṣe láti ìgbà náà, ìwé tó kẹ́yìn, ti Ọlábánjí ni. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù mi.

Ohun tó wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni àṣà kan tó wà nínú ìdílé wọn, tí baba wọn dá sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá kọ́lé tuntun, ẹnu kan kò ní jẹun níbẹ̀ títí àkọ́bí ìdílé á fi gbé pátákó “Jésù ni olórí ilé yìí” kọ́ sára ògiri. Àkọ́bí gan-an ni o, kì í ṣe ajíhìnrere, kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Dinah sì ni àkọ́bí. A ti ń gbọ́ pé Ọlábánjí ń kọ́ ilé mìíràn sórí ilẹ̀ eléèérú yẹn. Dinah kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìfọ́n bá ti mẹ́nu ba bíríkì tàbí páànù, á dẹ etí.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú òjò ọdún yìí, Mobọ́lá, ìyàwó Ọlábánjí, pe Dinah lórí fóònù. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ìṣílé wa di Sátidé tó ń bọ̀ yìí.”

“Àbúrò mi ló ní kó o pè mí?”

“Kò ní kí n pè yín, mà. Kò sì ní kí n má pè yín.”

Dinah jókòó. Ó ní “Sátidé”, ó tún un sọ, “Sátidé.” Lẹ́yìn náà ló dìde fùú bí ọmọbìnrin tí wọ́n pè síjó, ó lọ da àpò ìwé rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ní, “Ṣé o fẹ́ lọ ni?”

Ó ní, “Màá gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Bó bá ní kí n má wọlé, mi ò ní wọlé. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ pé pátákó ni kò sí.”

Jésù ti wà nílẹ̀, èyí tó rẹwà jù, tó ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, pẹ̀lú lẹ́tà “Jésù ni olórí ilé yìí” tó ti gé sílẹ̀. Òdòdó ni kò sí. Ó wá òdòdó pupa títí, àfìgbà tó rí ìwé ètò Ọjọ́ Ìlọ́bù kan tí wọ́n pín lọ́dún kan. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni òdòdó wà, wọ́n pupa fòò, wọ́n tóbi, wọ́n yí ìkíni ẹgbẹ́ kan ká. Ó na ọwọ́ sí mi láìwo ojú mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé, èmi fúnra mi ni mo gbé sísọ́ọ̀sì mi lé e lọ́wọ́.

Mo jókòó tì í lọ́jọ́ náà. Bó bá ti gbé ọwọ́ lé ìwé, mo ń dẹ etí láti gbọ́ aboyún àti aláìsàn. Kò sí ọ̀kan. Jésù, ó ní Ọlábánjí. Ewé, Ọlábánjí. Òdòdó kìíní, òdòdó kejì, Ọlábánjí, Ọlábánjí. Omi ojú rẹ̀ ń kán sórí gúlù. Mo rò ó pé kí n dá a lẹ́kun, àmọ́ èmi náà ti ń sunkún.

Òjò yẹn kò jẹ́ kí fáníìṣì tètè gbẹ. Ó kùn ún kẹ́yìn lọ́jọ́ Jímọ̀ nígbà tí mo ń múra àtilọ sí mọ́ṣáláṣí, ó gbé e sínú yàrá. Láàárọ̀ Sátidé, iná kò sí, ojú ọ̀run ṣú, yàrá dúdú. Ó fi ìka kàn án, ó ní ó ti gbẹ. A fi àǹkárá tuntun kan tó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ mi wé e, a jáde.

Ó ní, “Ìwọ ń lọ sí ibo?”

Mo ní, “Ìfọ́n.”

“Hàfúsátù! Ìwọ tó jẹ́ Ìlọ́bù pọ́ńbélé!”

“Bí wọ́n bá máa lé wa, ká jọ sá. Èmi mọ̀ ọ́n sá jù ọ́ lọ.”

Ọ̀kadà kan gbé àwa méjèèjì. Dinah gbá pátákó náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun lọ sílé. Bí a ṣe ń wọ Ìfọ́n ni oòrùn là.

A bá èrò lábẹ́ kánópì níwájú ilé kan tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn. Mo rí nǹkan kan níbẹ̀ tó yà mí lẹ́nu. Kúlà oúnjẹ tò lọ rẹrẹẹrẹ, gbogbo wọn ló wà ní dídé, àwọn èèyàn sì ń wò wọ́n bí ológbò ṣe ń wo ẹja lókè àjà. Wọ́n ti gbàdúrà tán. Wọ́n ti kọrin títí orin ti tán. Ẹnìkan ń kùn pé irú ìnáwó wo ni ti ilé yìí.

Mobọ́lá rí wa, ó sáré wá, ó kúnlẹ̀, ó sì tún sáré wọlé. Dinah rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kọjá ìloro ilẹ̀kùn. Ọlábánjí jáde wá nínú agbádá funfun. Ó ti hewú jù bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Kò dọ̀bálẹ̀.

“Ọlábánjí, o kú ìnáwó,” ni Dinah wí. “Mo gbọ́ ohun tó o sọ nígbà yẹn. Mi ò ní wọlé. Pátákó ni mo gbé wá, kí ẹlòmíràn bá mi gbé e wọlé.”

Ó tú àǹkárá náà. Oòrùn bọ́ sí i lórí.

Súbúhánalláhì! Abẹ́ ẹsẹ̀ Jésù gan-an, láàárín òdòdó pupa, lẹ́tà dúdú gàdàgbà-gàdàgbà ti yọ síta. Lẹ́tà náà kọ ẹ̀yìn sí wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lọ iléèwé tí kò lè kà á: ÌLỌ́BÙ. Ẹ̀yìn ìwé òdòdó yẹn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni áńgẹ́lì ọlọ́ṣẹ. Tíṣà tó ń fi òfin ìwé funfun da gbogbo wa láàmú, ayọ̀ àti ẹkún ti mú kó gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣe pàtàkì jù.

Ọkùnrin kan dìde lábẹ́ kánópì. Adégbénró ni, aládùúgbò Ọlábánjí, tí ilé tirẹ̀ náà jó nígbà yẹn. Ó sún mọ́ ọn, ó wò ó, ó ní, “Ìlọ́bù! Wọ́n kọ Ìlọ́bù sára Jésù, wọ́n ní ká gbé e kọ́ sí Ìfọ́n!” Kíkùn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo wo ọ̀nà tí a gbà wá, mo ká ìró mi sókè díẹ̀.

Dinah wo pátákó ọwọ́ rẹ̀. “Mo gbàgbé ìwé funfun,” ló ń wí. “Kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo gbàgbé ìwé funfun ni. Màá lọ tún un ṣe.” Ó ti ń wá etí àǹkárá kó lè bò ó. Kò sí ohun tó dùn mí tó ìyẹn láyé mi, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń wá etí aṣọ tí kò rí i.

Adégbénró ní kí wọ́n mú ọ̀bẹ wá, kí wọ́n fá a kúrò. Ọlábánjí gba pátákó náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fi èékánná họ lẹ́tà náà. Èékánná rẹ̀ yọ̀ lórí fáníìṣì.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ̀rọ̀ nìyẹn. “Ṣé ó ṣeé fá?”

“Kò ṣeé fá. Abẹ́ ló wà. Bí wọ́n bá fá a, Jésù náà á bá a lọ.”

Ó tún wò ó. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ìbínú ni, mo ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ sí i. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún, níwájú gbogbo èrò.

“Mo ní ohun Ìlọ́bù kan kò ní wọ ilé mi,” ló wí. “Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mi ò rántí yín rárá nígbà tí mò ń sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà tí mo wá rí i pé ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ náà bá, ojú tì mí. Mo gbéra títí, mi ò lè wá.”

Adégbénró ní, “Ọlábánjí, ìwọ náà wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kẹ̀!”

Ọlábánjí ní, “Mo ti rí i. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé.”

Ó gbé pátákó náà padà fún Dinah. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ òjò àná, òun àti agbádá funfun rẹ̀. Dinah ní, “Dìde, aṣọ ẹ, aṣọ ẹ,” bíi pé ọmọ iléèwé ló ń bá wí. Kò dìde títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gbé ẹsẹ̀ kọjá ìloro náà. Èmi náà tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó lé mi.

Nínú pálọ̀, Dinah nu ojú, ohùn tíṣà rẹ̀ padà. “Ẹ bá mi wá ìṣó àti òòlù,” ló wí.

Mobọ́lá ní, “Ìṣó ti wà níbẹ̀ mà.”

Ó na ọwọ́ sí ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìṣó kan dá wà lórí ògiri funfun gbalasa, ó ti ń dípẹtà díẹ̀. “Ọjọ́ tí wọ́n rẹ́ ògiri tán ni àbúrò yín ti kàn án,” ni Mobọ́lá wí. “Mo ní ká gbé kàlẹ́ńdà kọ́ síbẹ̀, ó kọ̀. Ó ní àyè ẹ̀gbọ́n òun ni. Láti àárọ̀ ló ti ní ká má ṣí oúnjẹ, ó ń wo ọ̀nà.”

Mo sunkún. Mi ò ní pè é ní èéfín lọ́tẹ̀ yìí.

Ọwọ́ Dinah kò tó ìṣó náà. Wọ́n gbé àpótí kan wá, Ọlábánjí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbádá ẹlẹ́rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ àpótí mú fún un kó má bàa mì. Dinah gùn ún, ó gbé pátákó náà kọ́, Jésù àti òdòdó àti Ìlọ́bù. Ó wò ó bóyá ó wọ́, ó tún un ṣe díẹ̀, ó sì fọwọ́ kúrò. Nígbà náà ni Mobọ́lá jáde, ó lọ ṣí kúlà oúnjẹ.